Ìkọ́ni Tó Ń Yí Ọpọlọ Padà: Nípa Àwọn Ọmọ Tí Lẹ́tà Ń Dà Láàmú

Ọ̀rọ̀ àsọyé fún àwọn olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ àti àwọn òbí, ní Iléṣà

Ẹ̀yin àgbà tó wà níjokòó, ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin bàbá, ọmọ Obòkun gbogbo, ẹ kú ìjókòó o. Ẹ kú iṣẹ́ ọmọ títọ́. Ẹ fi ọjà sílẹ̀, ẹ fi oko sílẹ̀, ẹ wá gbọ́ ọ̀rọ̀ nítorí ọmọ tí kò lè kàwé. Ẹ ṣeun gan-an ni. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí làálàá wa lórí àwọn ọmọ já sásán.

Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ falẹ̀. Ohun tí mo gbé wá ni pé ọmọ tí lẹ́tà ń dà láàmú, tí a bá kọ́ ọ bó ṣe yẹ ká kọ́ ọ, lójoojúmọ́, fún oṣù mélòó kan, ọpọlọ rẹ̀ gan-an a máa yí padà. N kò sọ ọ́ láti fi tù yín nínú lásán. Wọ́n ti fi ẹ̀rọ ya àwòrán inú orí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, wọ́n tún yà á nígbà tí ẹ̀kọ́ parí, àwòrán méjèèjì kò sì bára mu. Olùkọ́ tó jókòó ti ọmọ, tó ń nawọ́ sí lẹ́tà, tó ń pe ìró rẹ̀, iṣẹ́ tó ń ṣe nínú orí ọmọ yẹn, kò sí abẹ oníṣẹ́ abẹ tó lè ṣe é.

Irú ọmọ wo ni mò ń wí? Ó wà ní pírámárì kẹta. Ẹnu rẹ̀ mú. Tí wọ́n bá ń pa àlọ́ nílé, òun ló máa ń kọ́kọ́ já a. Tí ìyá rẹ̀ bá rán an lọ ra epo ní ọjà Àtakúnmọ̀sà, kò ní ṣi ṣéńjì gbà bọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbé ìwé síwájú rẹ̀. Á wo àwòrán ẹran tó wà lókè ojú ewé, á ní "ewúrẹ́", bẹ́ẹ̀ sì rèé, "òbúkọ" ni wọ́n kọ sábẹ́ àwòrán náà. Ẹ ní kó kọ "gbogbo", ó kọ "bobo". Ó tiraka, ó ka ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀rẹ̀ ojú ewé. Nígbà tó tún pàdé ọ̀rọ̀ yẹn nísàlẹ̀ ojú ewé kan náà, ó wò ó bí ẹni tí kò rí i rí.

Ọmọ yìí la máa ń pè ní olódo. Ẹlòmíràn á ní orí rẹ̀ kò gbé ìwé. Ẹlòmíràn á ní ayé ló ń ṣe é, wọ́n á mú un lọ síbi tí wọ́n ti máa ṣe ìsọ̀yè fún un lá. Mi ò wá bá ẹnikẹ́ni jà nítorí ìsọ̀yè. Àwọn baba wa ló fi lé wa lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbàgbé nǹkan la ń ṣe ìsọ̀yè fún, ọmọ yìí kò sì gbàgbé nǹkan kan. Ó rántí àlọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Ó rántí gbèsè tí ẹ jẹ ẹ́ láti ọjọ́ ọdún tó kọjá. Ibòmíràn ni ìṣòro rẹ̀ wà.

Dyslexia ni àwọn onímọ̀ ń pe ìṣòro yìí. Dókítà ojú kan ní ilẹ̀ Jámánì, Rudolf Berlin, ló sọ ọ́ lórúkọ yẹn láàárín ọdún 1880 sí 1890. Ní 1896, dókítà mìíràn, Pringle Morgan, ní ìlú Seaford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, kọ̀wé nípa ọmọkùnrin ọlọ́dún 14 kan tó ń jẹ́ Percy. Ọmọ náà gbọ́n, ojú rẹ̀ dá ṣáká, àwọn olùkọ́ ti gbìyànjú lórí rẹ̀ títí, síbẹ̀ ìwé kíkà ṣì ń ni ín lára. Olùkọ́ rẹ̀ sọ pé tó bá jẹ́ pé ẹnu nìkan ni wọ́n fi ń kọ́ni, òun ni ìbá mọ̀wé jù nílé ẹ̀kọ́ náà. Ẹ ronú sí i: láti 1896 ni olùkọ́ kan ti rí i pé ọmọ yìí kì í ṣe olódo, ẹgba ṣì ń dún lára irú rẹ̀ ní kíláàsì wa lónìí.

Iye tí àwọn onímọ̀ sábà máa ń dá ni ọmọ 5 sí 10 nínú 100. Kíláàsì tó bá ní ọmọ 40, ẹ máa retí méjì sí mẹ́rin. Ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Bàbá tó ń na ọmọ nítorí ìwé, kí ó kọ́kọ́ rántí bí òun fúnra rẹ̀ ṣe ṣe pírámárì.

Ẹ wá jẹ́ ká wọ inú orí wò. Ẹ ṣe sùúrù fún mi níbí, nítorí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà.

Ẹlẹ́dàá dá ọ̀rọ̀ sísọ mọ́ ọpọlọ ènìyàn. Kò dá ìwé kíkà mọ́ ọn. Ẹnikẹ́ni kì í jókòó kọ́ ọmọ ní èdè. Ó ń gbọ́ ọ lágbo ilé, ó sì ń sọ ọ́. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá fi ìwé kún yàrá dé òrùlé, tí ẹnìkan kò bá kọ́ ọmọ, kò ní kà á láéláé. Ọmọ aráyé ti ń sọ̀rọ̀ láti ayébáyé, ìwé kíkọ kò sì tíì pé 6,000 ọdún. Nítorí náà, ọpọlọ kò ní yàrá kan tí wọ́n kọ́ sílẹ̀ fún ìwé. Ńṣe ló ń yá ààyè lò lọ́wọ́ ibi tó ń ṣe iṣẹ́ mìíràn tẹ́lẹ̀.

Fún ọ̀pọ̀ ènìyàn, apá òsì orí ni iṣẹ́ náà pọ̀ sí jù. Ibì kan wà níwájú, nítòsí ibi tí a fi ń darí ẹnu àti ahọ́n. Ibì kan wà lókè ẹ̀yìn etí. Ibẹ̀ ni lẹ́tà tí ojú rí àti ìró tí etí gbọ́ ti ń pàdé ara wọn. Ẹ̀kẹta wà nísàlẹ̀, lápá ẹ̀yìn, níbi tí ọpọlọ ti ń dá nǹkan mọ̀: ojú ènìyàn, ilé, irinṣẹ́. Tí ènìyàn bá ti mọ ìwé kà dáadáa, apá kan níbẹ̀ á di ti ọ̀rọ̀ kíkọ. Ẹ rí "Iléṣà" lára bọ́ọ̀sì tó ń sáré kọjá, ẹ ti mọ̀ ọ́n kí ẹ tó rántí pé ìwé lẹ ń kà. Ibẹ̀ yẹn ló ṣe é.

Báwo la ṣe mọ̀? Ní 1892, dókítà kan ní ìlú Paris, Joseph Jules Dejerine, ṣàlàyé nípa ọkùnrin kan tí ẹ̀jẹ̀ kò dé apá ẹ̀yìn ọpọlọ rẹ̀ lósì mọ́. Ọkùnrin náà ń sọ̀rọ̀ geere. Ó tilẹ̀ lè kọ̀wé. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá fi ohun tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ hàn án, kò lè kà á. Lọ́jọ́ tòní, ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí, tí wọ́n ń pè ní MRI, ń fi ibẹ̀ hàn nínú orí ẹni tó wà láàyè, tí ara rẹ̀ dá, láìfi nǹkan kan gún un. Ní 2010, onímọ̀ nípa ọpọlọ kan ní ilẹ̀ Faransé, Stanislas Dehaene, àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ yẹ orí àwọn àgbàlagbà wò ní ilẹ̀ Potogí àti Brazil: àwọn tí kò lọ sílé ìwé rí, àwọn tó dàgbà kí wọ́n tó kọ́ ọ, àti àwọn tó ti mọ̀ ọ́n láti kékeré. Bí ènìyàn bá ṣe mọ ìwé kà tó ni apá ẹ̀yìn yẹn ṣe ń jí sí ọ̀rọ̀ kíkọ tó. Àwọn tí àgbà ti dé sí kí wọ́n tó mọ A-bí-dí náà wà níbẹ̀, tiwọn náà jí. Ìyẹn ni pé kí á tó dórí ọ̀rọ̀ dyslexia rárá, ìwé kíkà fúnra rẹ̀ ti jẹ́ ohun tó ń tún inú orí tò.

Nínú orí ọmọ tó ní dyslexia, ibi méjì tó wà lẹ́yìn lápá òsì yẹn kì í sábà jí bó ṣe yẹ nígbà tó bá ń kàwé. Sally Shaywitz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Yale ní Amẹ́ríkà fi èyí hàn lára àwọn àgbàlagbà ní 1998, lẹ́yìn náà lára àwọn ọmọ ní 2002. Gbòǹgbò rẹ̀ wà nínú ìró: ọmọ náà ń gbọ́ "bàtà", ó mọ bàtà, ó ń wọ bàtà, ṣùgbọ́n kò rọrùn fún un láti já ọ̀rọ̀ náà sí wẹ́wẹ́, kó mọ̀ pé "b" ló ṣáájú, kí ó sì so "b" tó gbọ́ mọ́ "b" tó rí. Ní 2001, àwọn tí Eraldo Paulesu ṣáájú wọn yẹ àwọn àgbàlagbà tó ní dyslexia wò ní Ítálì, ní Faransé àti ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Èdè mẹ́ta, ibì kan náà lósì ni kò jí dáadáa nínú orí gbogbo wọn. Àwọn ará Ítálì nìkan ni kíkà wọn sàn díẹ̀, nítorí pé bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ lédè wọn ni wọ́n ṣe ń kọ ọ́. Ẹ fi èyí sọ́kàn, mo máa padà sí i nítorí Yorùbá.

Kì í ṣe ojú o. Ẹ yẹ ojú ọmọ wò, ẹ yẹ etí rẹ̀ náà wò, nítorí ọmọ tí kò ríran tàbí tí kò gbọ́ran dáadáa kò lè kàwé bí ẹgbẹ́ rẹ̀. Tí dókítà bá ti ní ojú dá, ẹ má ná owó sórí jígí mọ́. Kì í ṣe òpè. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà ní 2011 kó àwọn ọmọ tí kò lè kàwé jọ, àwọn tí làákàyè wọn ga àti àwọn tí tiwọn kò ga. Ohun kan náà ni ọpọlọ gbogbo wọn ń ṣe nígbà tí wọ́n ní kí wọ́n wo ọ̀rọ̀ méjì kí wọ́n sọ bóyá ìparí wọn dún bákan náà.

Wàyí o, ìkọ́ni.

Ní 2002, Panagiotis Simos àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Texas mú ọmọ mẹ́jọ tó ní dyslexia, ọlọ́dún 7 sí 17. Kí ẹ̀kọ́ tó bẹ̀rẹ̀, ibi òkè ẹ̀yìn etí òsì wọn dákẹ́ nígbà tí wọ́n ń kàwé, apá ọ̀tún ló ń ṣe wàhálà. Wọ́n kọ́ wọn fún nǹkan bí wákàtí 80. Nígbà tí wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò, apá òsì ti gbéra, kíkà wọn sì ti gòkè. Ọmọ mẹ́jọ kò pọ̀, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n òun ló ṣílẹ̀kùn.

Ní 2004, Shaywitz àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe tiwọn fún àwọn ọmọ ọdún 6 sí 9. Ìṣẹ́jú 50 lójúmọ́, olùkọ́ kan sí ọmọ kan, oṣù 8. Wọ́n fi àwọn kan tí kò gbà ju ìrànlọ́wọ́ tí ilé ẹ̀kọ́ ń ṣe tẹ́lẹ̀ lọ dúró ti ẹ̀gbẹ́ kan kí wọ́n lè fi wéra. Àwọn tó gba ẹ̀kọ́ pàtàkì náà ń kàwé já gaara ju tẹ́lẹ̀ lọ. Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà: wọ́n ya orí àwọn ọmọ náà lẹ́ẹ̀kan sí i lẹ́yìn ọdún kan tí ẹ̀kọ́ ti parí, apá ẹ̀yìn òsì, ibi tó ń dá ọ̀rọ̀ mọ̀ lójú ẹsẹ̀ yẹn, ṣì ń jí sí i. Ẹ̀kọ́ ti tán, èso rẹ̀ kò tíì tán.

Kì í sì í ṣe iṣẹ́ ọpọlọ nìkan ló yí padà. Okùn wà nínú ọpọlọ, tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, funfun nítorí ọ̀rá tó bò wọ́n, àwọn ló so apá kan mọ́ apá kejì tí ọ̀rọ̀ fi ń yára lọ yára bọ̀. Timothy Keller àti Marcel Just ní Pittsburgh wọn okùn wọ̀nyí lára àwọn ọmọ ọdún 8 sí 10 tí kò mọ ìwé kà. Lẹ́yìn ẹ̀kọ́ wákàtí 100, okùn tó ṣe hẹ́bẹ́hẹ́bẹ́ lápá òsì tẹ́lẹ̀ ti sàn sí i. Ọdún 2009 nìyẹn. Ní 2018, Elizabeth Huber àti Jason Yeatman pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ wọn ní Seattle fi ọ̀sẹ̀ 8 kọ́ àwọn ọmọ ní wákàtí mẹ́rin lójúmọ́, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀, wọ́n sì ń ya orí wọn léraléra bí ẹ̀kọ́ ṣe ń lọ. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan péré ni okùn náà ti ń yí padà, bí kíkà ṣe ń gòkè.

Ọ̀kan tún wà tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí owó kò pọ̀ lọ́wọ́ yín gbọ́. Ní Boston, wọ́n kọ́ àwọn ọmọ ní àkókò ìsinmi gígùn, ọmọ olówó àti ọmọ mẹ̀kúnnù. Nígbà tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní 2018, àwọn ọmọ tó ti ilé mẹ̀kúnnù wá ni ẹ̀kọ́ náà ṣe láǹfààní jù, èèpo òde ọpọlọ àwọn tí kíkà wọn gòkè sì ti nípọn sí i. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ọmọ ẹni tó ń ta iṣu lọ́jà ti pẹ́ jù tàbí pé kò yẹ fún irú ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tó yẹ ká ṣọ́ra sí. Ní 2003, àwọn kan ní California lo eré orí kọ̀ǹpútà fún ogún ọmọ tó ní dyslexia, 100 ìṣẹ́jú lójúmọ́. Àwòrán ọpọlọ wọn yí padà, gbogbo ayé pariwo rẹ̀, àwọn ilé ẹ̀kọ́ ra eré náà. Nígbà tó di 2011 tí àwọn ọ̀mọ̀wé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kó àwọn ìdánwò tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ lórí eré náà jọ, wọn kò rí ẹ̀rí pé ó ń mú kíkà gòkè. Nítorí náà, tí ẹnikẹ́ni bá gbé áàpù tàbí ẹ̀rọ wá bá yín pé ó ń tún ọpọlọ ṣe, ẹ bi í ní ohun kan ṣoṣo: ṣé ọmọ ń kàwé? Iṣẹ́ lára àwòrán ọpọlọ ni láti jẹ́ ká mọ ohun tó ń lọ. Kíkà ni èrè.

Àwọn ìwádìí tí mo kà sílẹ̀ yìí kéré ní iye ọmọ, ibi tó yí padà kì í sì í fìgbà gbogbo jẹ́ ọ̀kan náà láti ìwádìí kan dé èkejì. Àwọn ọmọ kan wà tó jẹ́ pé apá ọ̀tún ni wọ́n fi ń gbé ìwọ̀n tí òsì kò lè gbé. Fumiko Hoeft àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn ní 2011 pé bí apá ọ̀tún iwájú ṣe ń ṣiṣẹ́ tó lè jẹ́ ká mọ ọmọ tó máa gòkè láàárín ọdún méjì àbọ̀. Nítorí náà, ẹ má rò pé orí ọmọ náà á wá dà bíi ti ẹgbẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ọ̀nà. Ọ̀pọ̀ wọn á kàwé tí wọn ò ní ṣàṣìṣe mọ́, ṣùgbọ́n wọn á máa kà á díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì nílò àkókò. Kò sì sí ìdí tí ẹ fi máa wá owó MRI kiri. Ẹ̀rọ náà kò tíì lè wo ọmọ kan ṣoṣo kó ní "èyí ní dyslexia". Etí olùkọ́ tó ń gbọ́ ọmọ bó ṣe ń kàwé ṣì sàn jù ú lọ.

Irú ẹ̀kọ́ wo wá ni? Àwọn tó múná dóko nínú wọn jọra. Wọ́n ń kọ́ ọmọ ní ìró kọ̀ọ̀kan àti lẹ́tà tó dúró fún un, ní gbangba, láìretí pé á fojú ara rẹ̀ rí i. Wọ́n ń tẹ̀lé e ní ìpele: èyí tó rọrùn ṣáájú, èyí tó le kẹ́yìn, a kì í fo kan. Ọmọ ń gbọ́ ọ, ó ń pè é, ó ń kọ ọ́. Ohun tó kọ́ lánàá, wọ́n á tún un ṣe lónìí. Ọmọ kì í pọ̀ níbẹ̀: ọ̀kan, tàbí mẹ́ta, mẹ́rin. Ojoojúmọ́ sì ni.

Ẹ jẹ́ ká ṣe é níbí. Mo ní ìdérí ìgò mínírà lọ́wọ́, irú èyí tí ẹ lè ṣà nísàlẹ̀ igi níbi tí wọ́n ti ń ta ọtí ẹlẹ́rìndòdò. Mo pe "ìgbálẹ̀". Ọmọ náà á ti ìdérí kan síwájú fún ègé kọ̀ọ̀kan: ì, gbá, lẹ̀. Mẹ́ta. Ó yé e? Ó dára. Ẹ mú "gbá" nìkan. Ìdérí méjì: gb, á. Níbí ni ọmọ tó ń kọ "bobo" ti máa ń kọsẹ̀. Ẹ má jágbe mọ́ ọn. Ẹ ní kó wo ẹnu yín, kó gbé ìka sí ètè ara rẹ̀, kó pe "bá", kó pe "gbá", kó sọ èyí tí ẹ̀yìn ahọ́n bá a gbéra nínú méjèèjì. Ẹ fi páálí tí ẹ kọ "gb" sí sórí ìdérí àkọ́kọ́. Ẹ yọ ọ́, ẹ fi "b" síbẹ̀: bá. Ẹ fi "l" síbẹ̀: lá. Ẹ ní kó kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá ti tán, ọmọ náà sì ti ṣe iṣẹ́ tí àwọn ọmọ Texas àti Yale yẹn ṣe.

Kí ẹ sì rí i pé a kò fọwọ́ òfo wá sídìí iṣẹ́ yìí. Àwọn ọmọ wa tó ń sọ ẹ̀nà láàárín ara wọn kí àgbà má bàa gbọ́, tí wọ́n ń sọ bàtà di "bàgà-tàgà", ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń já sí ègé, tí wọ́n ń ki ìró bọ àárín rẹ̀. Ìdárayá etí gan-an nìyẹn, ọmọ tó ní dyslexia nílò rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ. Ẹ jókòó tì í, ẹ bá a sọ ẹ̀nà. Ẹ bá a pe "ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọ̀pọ̀lọ́ ni kò mọ̀ pé ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ló lọ́pọlọ lọ́pọ̀lọpọ̀". Kò ní mọ̀ pé ẹ̀kọ́ ni.

Yorùbá tún ṣe wá lóore. Lẹ́tà 25 ni a ní, bí wọ́n ṣe ń dún ni a ṣe ń kọ wọ́n, bíi ti Ítálì tí mo wí. Ọmọ tó ní dyslexia á tètè gbá ìró mú nínú irú ìwé bẹ́ẹ̀ ju èdè Gẹ̀ẹ́sì lọ, níbi tí lẹ́tà kan ti ń dún báyìí lónìí, tó ń dún bẹ́ẹ̀ lọ́la. Ṣùgbọ́n àwa fúnra wa là ń ba oore náà jẹ́ nígbà tí a bá ń tẹ ìwé fún ọmọdé láìfi àmì ohùn sí i. Igba, igbá, ìgbà, igbà: ẹ yọ àmì wọn kúrò, ọ̀kan náà ni gbogbo wọn. Ọmọ tí ìwé kò ni lára á fi òye gbé e. Ọmọ tí mò ń wí yìí kò ní ibi tó máa fẹsẹ̀ tẹ̀. Ẹ̀yin tó ń kọ ìwé fún ọmọdé, mo bẹ̀ yín, ẹ fi àmì sí i.

Ọ̀rọ̀ kan wà fún àwa Ìjẹ̀ṣà. Ọmọ tó ń gbọ́ "ulé" àti "ugi" lẹ́nu ìyá rẹ̀, tó wá rí "ilé" àti "igi" nínú ìwé, á ṣiyèméjì díẹ̀ níbẹ̀rẹ̀. Ìyẹn kì í ṣe dyslexia, kì í sì í ṣe àṣìṣe. Ẹ sọ fún un pé bí a ṣe ń sọ ọ́ nílé rèé, bí ìwé ṣe ń kọ ọ́ rèé, ẹ má bu èdè ìyá rẹ̀ kù.

Àǹfààní kíkàwé ní èdè ẹni ti hàn nítòsí wa níbí rí. Ní oṣù January 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ kan nílé ẹ̀kọ́ St. Stephen's "A" ní Modákẹ́kẹ́. Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní gbogbo iṣẹ́ fún ọdún mẹ́fà gbáko, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, gbogbo rẹ̀. Wọ́n ń kọ́ Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan, lọ́wọ́ olùkọ́ tó mọ̀ ọ́n dáadáa. Wọ́n kọ ìwé tuntun fún wọn. Nígbà tí wọ́n fi wọ́n wé àwọn tó fi Gẹ̀ẹ́sì kàwé láti kíláàsì kẹrin, wọn kò rẹ̀yìn, àní nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Kì í ṣe nítorí dyslexia ni wọ́n ṣe dá a sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ ro ti ọmọ tí ìró ń ni lára, tí ẹ tún wá gbé ìró èdè àjèjì kà á lórí lọ́jọ́ kan náà tó kọ́kọ́ rí lẹ́tà. Ìjọba àpapọ̀ ní 2022 gbé ìlànà kalẹ̀ pé kí wọ́n fi èdè abínibí kọ́ni ní gbogbo pírámárì. Ní 2025 wọ́n tún wọ́gi lé e. Ó dùn mí. Ohun tí ìjọba kò ṣe, olùkọ́ ṣì lè fi ọgbọ́n ṣe é nínú kíláàsì tirẹ̀, òbí sì lè ṣe é nílé.

Ìlú yìí tún mọ ohun mìíràn. Láti ilé ìwòsàn Wesley Guild, Dókítà David Morley àti àwọn nọ́ọ̀sì rẹ̀ ní Ìmẹ̀sí-Ilé ń wọn àwọn ọmọ ní nǹkan bí ọdún 1957 sí i, wọ́n ń fi àmì sórí káàdì kan tí ìyá ń mú dání lọ sílé. Kí ọmọ tó rù débi tí gbogbo ayé á fi rí i, ìlà orí káàdì ti sọ ọ́. Káàdì irú rẹ̀ ti tàn dé ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè. Irú rẹ̀ ni mo fẹ́ fún ìwé kíkà. Lẹ́ẹ̀kan ní táàmù, kí olùkọ́ pírámárì kìíní jókòó ti ọmọ kọ̀ọ̀kan fún ìṣẹ́jú márùn-ún: ṣé ó lè pàtẹ́wọ́ fún ègé kọ̀ọ̀kan nínú "àkàrà"? Ṣé ó lè sọ ìró tó bẹ̀rẹ̀ "mọ́tò"? Lẹ́tà mélòó ló mọ ìró wọn? Kí olùkọ́ kọ ọ́ sílẹ̀, kí òbí rí i. Ọmọ tí ìlà rẹ̀ kò gòkè láti táàmù kan dé èkejì, kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìró fún un lọ́sẹ̀ yẹn gan-an. Ẹ má dúró dìgbà tó bá feelì, ẹ má sì ní kó repíìtì lásán, nítorí tí a bá tún fi ohun tí kò yé e kọ́ ọ lọ́nà tí kò yé e, ọdún rẹ̀ nìkan la jẹ.

Nípa ẹgba, mo sọ ọ́ níwájú gbogbo yín pé kò sí ìwádìí kan tí mo mọ̀ tí pàṣán ti jí apá òsì ọpọlọ ọmọ. Ohun tí mo ti rí ni ọmọ tó ń gbọ̀n tí wọ́n bá pe orúkọ rẹ̀ pé kó wá kàwé, tí kò tilẹ̀ rí lẹ́tà mọ́ nítorí omijé. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbé e sílẹ̀.

Ẹ béèrè àwọn ìbéèrè kan lẹ́yìn ọ̀rọ̀ mi, mo fẹ́ dáhùn méjì nínú wọn síbí fún àwọn tí kò sí níbẹ̀.

Olùkọ́ kan ní ọmọ 62 ló wà ní kíláàsì òun, báwo lòun ṣe fẹ́ ṣe é? Ìyá mi, ẹ kú iṣẹ́. Ẹ kò lè ṣe é fún 62. Ẹ yọ àwọn mẹ́rin tó ni lára jù. Kí wọ́n dé ní ìdajì wákàtí ṣáájú àsẹ́ńbílì, lójoojúmọ́, pẹ̀lú ìdérí ìgò àti páálí lẹ́tà. Tí táàmù bá parí, ẹ tún wọn gbọ́, kí ẹ sì mú àwọn mẹ́rin mìíràn mọ́ ẹni tí kò tíì yé.

Ìyá kan béèrè nípa ọmọ rẹ̀ tó wà ní JSS 2, ọlọ́dún 13, ṣé kò ti pẹ́ jù? Kò pẹ́. Ní 2004, Guinevere Eden àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ fi ọ̀sẹ̀ 8 kọ́ àwọn àgbàlagbà tó ní dyslexia ní ẹ̀kọ́ ìró, kíkà wọn gòkè, ọpọlọ tiwọn náà sì yí padà. Ọmọ ọdún 13 á nílò wákàtí púpọ̀ ju ọmọ ọdún 7 lọ, ojú á sì máa tì í. Nítorí náà, ẹ ṣe é nínú yàrá, níbi tí àwọn àbúrò rẹ̀ kò ti ní máa wò ó. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ìró tó kọ́kọ́ ṣì, ì báà jẹ́ "b" ni. Lákòókò yẹn, kí ẹnìkan máa ka ìwé ìtàn àti sáyẹ́ǹsì rẹ̀ sí i létí, kí ìmọ̀ má bàa dúró de kíkà. Kí ẹ sì lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ pé kí wọ́n fún un láàyè díẹ̀ sí i nígbà ìdánwò. Tí wọ́n bá kọ́kọ́ kọ̀, ẹ padà lọ, kí ẹ mú ìwé tó ti ń kọ nílé dání kí wọ́n rí iṣẹ́ tó ń ṣe.